Ọmọ oṣù 19 tí kì í wẹ̀yìn tí a bá pè é: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Àkàndé, Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ ń kọ nǹkan. Àkàndé, ọmọ mi ọkùnrin, pé oṣù 19 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara rẹ̀ le. Ó rìn lóṣù 11, ó ń sáré, ó ń gun àga. Àmọ́ tí mo bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Mo lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an kí n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀ ni. Kí ẹnì kan sì já ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá kejì, á ti débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ̀ bóyá etí ni.

Ó pe "bàbá" àti "omi" nígbà tó wà lóṣù 13, ó tún ń pe "gbà" fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ lọ. Kì í nàka sí nǹkan. Tó bá fẹ́ omi, ọwọ́ mi ló máa ń gbá mú, á wọ́ mi lọ sídìí kúlà, á gbé ọwọ́ mi lé ìdérí rẹ̀, kò ní wo ojú mi rárá. Bàbá rẹ̀ ra mọ́tò ìṣeré fún un, ó dojú rẹ̀ dé, taya ẹ̀yìn ló ń yí láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ìyá ọkọ mi ní ọkọ mi náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká fi agogo bu omi fún un mu, a ti ṣe é. Aládùúgbò wa kan ní okùn abẹ́ ahọ́n ló dè é, ká lọ gé e. Lánàá, àbúrò mi tó wà ní yunifásítì dárúkọ "ọ́tísíìmù" fún mi, ó ní bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ló máa ń yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe á fi ṣòro fún un. Mi ò tíì sùn láti ìgbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti rí irú èyí rí? Ṣé kí n ṣì ní sùúrù ni, àbí kí n gbéra?

Ìyá Àgbà Òkè-Àdó

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mo sì ti gbé ọmọ-ọmọ mọ́kànlá jó. Ìkẹta mi ò sọ̀rọ̀ tó já gaara títí ó fi pé ọdún mẹ́ta, lónìí lọ́yà ni. Ọmọkùnrin máa ń pẹ́ ju ọmọbìnrin lọ. Má jẹ́ kí wọ́n da ọkàn rẹ rú. Máa bá a sọ̀rọ̀, máa gbàdúrà, á sọ̀rọ̀.

Bàbá Tàyé, Ìkòròdú

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí ọ̀rọ̀ ìtùnú kan náà ni wọ́n bá wa sọ nígbà náà, a sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìbejì ni tiwa, ọkùnrin méjèèjì, wọn ò jọra. Wọ́n jọ ń dàgbà lójú wa, síbẹ̀ a ò rí i. Táyé á gbọ́ ìró bàálù, á sáré síta, á nàka sókè, á sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá mo rí i. Kẹ́hìndé á kó ìdérí ìgò jọ, á tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà ní ìlà gbọọrọ. Tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá kan ẹyọ kan, á ké títí á fi bì. A ní ọ̀kan yá ju èkejì lọ ni. A gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ọjọ́ méje. Wọ́n po àgbo. Ẹnì kan ní emèrè ni. Nígbà tó pé ọdún méjì, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, dókítà wò ó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ká lọ fi í sí jẹ́léósimi, pé á sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Jẹ́léósimi yẹn dá a padà lọ́sẹ̀ kẹta. Ó ti pé ọdún mẹ́rin àbọ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì í fún wákàtí méjì, tó sì mọ ohun tó ń wò.

Ọdún méje ló wà báyìí. Káàdì alááwòrán ló fi ń béèrè ohun tó fẹ́, ó sì ti ń sọ gbólóhùn kúkúrú. Ó ń ka nọ́mbà dé ẹgbẹ̀rún. Mi ò sọ pé ọmọ tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú kò ní ṣe dáadáa, torí tèmi ń ṣe dáadáa. Ohun tó ń dùn mí ni ọdún méjì àbọ̀ yẹn. Ọdún kan wà nínú rẹ̀ tí kì í sùn lóru, tó ń fi orí gbá ògiri. A máa ń nà án. Etí ló ń dùn ún o. Ó ti ń ṣọyún nínú, kò sì rí ọ̀nà tó lè gbà sọ fún wa.

Ìyá Àkàndé, ẹ gbéra.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Bàbá Tàyé, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá Àkàndé, ẹ̀yin náà. Ìdí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 14 wá, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí etí bẹ̀rẹ̀. Pé ọmọ gbọ́ ìró ọ̀rá bisikíìtì kò ní ká sọ pé etí rẹ̀ pé. Ọmọ lè gbọ́ ìró kan kó má gbọ́ òmíràn, kó sì jẹ́ ìró ọ̀rọ̀ gan-an ni kò dé etí rẹ̀. Nítorí náà àyẹ̀wò etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ já sí. Kò dìgbà tí ọmọ bá dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń ki ohun kékeré inú rẹ̀ bọ ihò etí, wọ́n sì ní òmíràn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi hàn bóyá ìró ń wọlé. Tó bá ní ibà pọ́njú nígbà tí ẹ bí i, èyí tí ojú àti ara ọmọ jòjòló máa ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ sọ fún wọn, torí èyí tó bá le nínú rẹ̀ máa ń ba etí jẹ́.

Okùn abẹ́ ahọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e nítorí èyí. Ó lè ni ọmọ lára láti mu ọmú, ó lè jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣòro pè. Kò ní kí ọmọ má wẹ̀yìn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kò sì de ìka ọwọ́.

Ohun tí àwa máa ń wò nìyí. Ní oṣù 9, ó yẹ kí ọmọ máa wẹ̀yìn sí orúkọ rẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i. Tó bá fi máa pé ọdún kan, kó ti máa juwọ́ ó dàbọ̀. Ní oṣù 15, kó máa gbé nǹkan wá fi hàn yín, lásán, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn. Ní oṣù 18, kó máa nàka sí ohun tó fẹ́ kí ẹ̀yin náà wò. Lóṣù 9 ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èèyi àkọ́kọ́ nílùú yìí, ó ń gba ìkejì lóṣù 15. Kí n tó fi abẹ́rẹ́ kan ara rẹ̀, èmi máa ń pe orúkọ tó wà lórí káàdì, mo sì ń ṣọ́ ibi tí ojú rẹ̀ lọ. Kò gbà ju kí n mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oṣù 15, ọ̀pọ̀ ìyá kì í wá sọ́dọ̀ wa mọ́ àfi tí ara ọmọ bá gbóná, bẹ́ẹ̀ oṣù 16 gan-an ni ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní M-CHAT, tí a fi ń wá àmì ọ́tísíìmù lára ọmọ, bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yẹ ká di ọmọ mú ló ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìwé yẹn wà fún ọmọ oṣù 16 sí 30. Ìbéèrè 20 ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí máàkì bá wà láàárín 0 sí 2, kò sí ìfòyà púpọ̀. Tó bá jẹ́ 3 sí 7, wọ́n á tún fọ̀rọ̀ wá ìyá lẹ́nu wò kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Láti 8 lọ sókè, ọ̀dọ̀ dókítà tààrà. Kò lè sọ fún yín pé ọmọ ní ọ́tísíìmù o, ó kàn ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wò ó. Àti pé ọmọ tó ti sọ̀rọ̀ rí tí ọ̀rọ̀ náà sì lọ, ọmọ ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, a kì í ní ká ṣì máa wò ó ná.

Àdùkẹ́ Ọmọ Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀wọ́ mà, nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló ń fà á? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tèmi fẹ́ gba ti oṣù 15, ẹ̀rù ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Àdùkẹ́, gbé ọmọ rẹ wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1998, dókítà kan ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Wakefield, kọ ìwé kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, *The Lancet*, nípa ọmọ 12 péré, tó fi so ọ́tísíìmù mọ́ abẹ́rẹ́ MMR, èyí tí abẹ́rẹ́ èèyi wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2010, ìwé ìròyìn yẹn fa ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn dókítà ìlú wọn lọ́dún kan náà. Ní Denmark, wọ́n tọpa ọmọ tó lé ní 650,000 nítorí abẹ́rẹ́ MMR yẹn, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019: ọ́tísíìmù tó wà lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kò ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Ohun tó ń tan ìyá jẹ ni pé ìgbà tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ yìí ni àmì ọ́tísíìmù máa ń fojú hàn. Nǹkan méjì bọ́ sí oṣù kan náà, èèyàn á ní ọ̀kan ló bí èkejì. Èèyi sì ń pa ọmọ, ó ń fọ́ wọn lójú, ó ń di wọ́n létí. Mo ti rí i.

Olùkọ́ Òṣogbo

Jẹ́léósimi ni mo ń kọ́. Ọ̀rọ̀ ojú wíwò yìí, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún un díẹ̀. Àwa Yorùbá ń kọ́ ọmọ pé kó má ranjú mọ́ àgbà. Tí ọmọ ọdún márùn-ún ò bá wo ojú mi nígbà tí mò ń bá a wí, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọmọ ọdún kan kò tíì gba ẹ̀kọ́ yẹn, ojú ìyá rẹ̀ ló yẹ kó máa wò kiri.

Ohun tí èmi máa ń wò ni kíkí. Láàárọ̀, tí ọmọ ọdún méjì kan bá kúnlẹ̀ kí mi, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á kúnlẹ̀. Kò mọ ìdí rẹ̀, ó rí i lára ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n á fi agolo mílíìkì òfìfo dáná, wọ́n á ní kí n wá jẹ ọbẹ̀, wọ́n á fi ìborí mi pọ̀n ọmọláńgidi. Ọmọ tí kì í fara wé ẹnikẹ́ni, tí kì í ṣe eré irọ́ rárá, òun ni mo máa ń ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Òótọ́ ni pé ọkùnrin mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n máa ń rí kí wọ́n tó rí obìnrin kan. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ní i máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀, àwa tíṣà á sì máa yìn ín pé ó ní ìwà pẹ̀lẹ́. Mo ti yin ọ̀kan bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan.

Ìyá Àgbà Òkè-Àdó

Bàbá Tàyé, mi ò bínú. Mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún nítorí ọmọ tí etí ń dùn.

Mo wá jókòó ro ọmọ mi ìkẹta yẹn dáadáa. Kò sọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ tí mo bá ní "lọ gbé bàtà bàbá rẹ wá", á gbé e wá, ẹsẹ̀ méjèèjì. Á nàka sí adìyẹ, á fà mí láṣọ kí n wò ó. Tí mo bá bínú, á wá wo ojú mi wò. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, ẹnu nìkan ló ku. Ti Àkàndé yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọmọ mi, gbé e lọ. Àdúrà ò ní ká má gbéra.

Ìyá Àkàndé, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀. A ṣe àyẹ̀wò etí, etí méjèèjì dáa. Mo dáhùn ìbéèrè 20 yẹn lórí fóònù: 11. Wọ́n ti kọ ìwé sí dókítà ọmọdé ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn níbí, fún wa, ọjọ́ tí wọ́n fún wa ṣì jìnnà.

Ohun tó ń ṣe mí báyìí kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Nílé ọkọ mi, wọ́n ní èmi ni mo fà á. Pé mo yára padà síṣẹ́, pé mi ò gbé ọmọ mọ́ra tó, pé fóònù ni mo fi tọ́ ọ. Ọkọ mi dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Onítọ́jú Ọ̀rọ̀-Sísọ, Èkó

Ìyá Àkàndé, iṣẹ́ mi nìyí, àwọn ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ ni mo ń bá jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fi ohun tí mo fẹ́ kọ yìí han ọkọ yín.

Nígbà kan rí, àwọn dókítà ńlá ńlá ní Amẹ́ríkà gan-an ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ló ń fà á. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ba ayé ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́. Lọ́dún 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ṣèwádìí lórí àwọn ìbejì ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan náà ni wọ́n ti rí èyí tí àwọn méjèèjì jọ ní i, wọn ò rí ọ̀kan ṣoṣo láàárín àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì. Ohun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ni, láti inú oyún. Iṣẹ́ yín kọ́, ọmú yín kọ́, fóònù kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú èèyàn 127 lágbàáyé, ẹnì kan ní i lọ́dún 2021. Gbogbo ìyá wọn kọ́ ni kò gbé wọn mọ́ra. Nítorí pé ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ẹ bá tún bímọ, ẹ tètè máa ṣọ́ ọmọ yẹn láti oṣù mẹ́fà, torí nǹkan bí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò márùn-ún ló máa ń ní i.

Ẹ má wá jókòó de ọjọ́ tí UCH fún yín. Mọ́tò tó dojú dé yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá mọ́tò kejì. Ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ kọjú sí i, kí ojú yín má ga ju tirẹ̀ lọ. Ẹ dojú tiyín náà dé, ẹ yí taya bó ṣe ń yí i. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá dúró, ẹ dúró. Tó bá yí, ẹ yí. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, á gbójú sókè wò yín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ọwọ́ di taya mú, ẹ ní "ó yáááá...", ẹ ka ení dé àrún nínú ọkàn yín, kí ẹ tó ní "yí!" Dídúró yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Àwa ìyá máa ń yára gbé ohun tí ọmọ fẹ́ fún un kó tó ráyè béèrè.

Tó bá wọ́ yín lọ sídìí kúlà, ẹ kúnlẹ̀ kí ojú yín wà níwájú rẹ̀, ẹ gbé ife súnmọ́ ẹnu yín, ẹ ní "omi." Ọ̀rọ̀ kan. Tó bá wò yín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ bu omi fún un kíá. Tí kò bá wò yín, ẹ sọ "omi" lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì fún un náà. A kì í fi òùngbẹ jẹ ọmọ níyà nítorí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ń wẹ̀ fún un, tí ẹ bá ń fi ìpara pa á lára, tí ẹ bá ń pọ̀n ọ́n: kí ẹ tó pọ̀n ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ní "gùn", kí ẹ dúró dè é. Ẹ dín wákàtí kátúùnù kù, torí kátúùnù kì í dúró de ọmọ.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé lásán ni mò ń sọ. Ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ àwọn òbí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ní irú eré báyìí. Wọ́n ya wọ́n ní fídíò níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣeré, wọ́n sì jọ ń wò ó. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2016, àmì ọ́tísíìmù dín kù lára wọn ju lára àwọn tí òbí wọn kò gba ẹ̀kọ́ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ẹ̀kọ́ àwọn òbí tiwọn, fún ọmọ ọdún 2 sí 9: ìpàdé mẹ́sàn-án, àbẹ̀wò sílé mẹ́ta. Ẹ béèrè rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá dé.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù. Risperidone àti aripiprazole tí dókítà máa ń kọ nígbà mìíràn, fún ọmọ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe tàbí tí inú ń bí kọjá ààlà ni, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi oògùn sí ọmọ yín lára pé òun ń fa májèlé jáde, tàbí tó bá fẹ́ fún un ní oògùn tí wọ́n fi ń bó aṣọ mu, ẹ gbé ọmọ yín sá. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ pa ọmọ lókè òkun. Tí ẹ bá sì rí i tó dédé ranjú, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ sọ fún dókítà, nítorí wárápá máa ń bá ọ́tísíìmù rìn lára àwọn kan.

Fún àwọn ará Èkó tó ń kà á: ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì.

Ìyá Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èdè kún un, torí ó jẹ mí lára. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ṣe àyẹ̀wò ọdún méjì níbí ní London, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ilé wò ló kọ́kọ́ fura. Tíṣà kan wá ní kí n pa Yorùbá tì, pé èdè méjì ló dà á lọ́pọlọ rú. Mo pa á tì fún oṣù mẹ́jọ. Mi ò mọ orin òyìnbó kankan tí mo lè fi rẹ ọmọ. Inú ilé wa dákẹ́. Mo kàn ń ka gbólóhùn fún un bí ẹni ń ka ìwé.

Onítọ́jú ọ̀rọ̀ tó gba ọmọ náà ló bá mi wí. Ó ní àwọn ìwádìí fi hàn pé èdè méjì kì í dá ọmọ tó ní ọ́tísíìmù dúró, pé èdè tó wà nínú ikùn mi ni kí n fi bá a ṣeré. Mo padà sí Yorùbá lọ́jọ́ yẹn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sọ láyé rẹ̀ ni "gbé mi." Ó nawọ́ méjèèjì sókè, ó ní "gbé mi."

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Fún àwa tó wà ní Amẹ́ríkà: tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin òbí fúnra yín lè pe ẹ̀ka ìjọba tó ń ran àwọn ọmọ kékeré tí ìdàgbàsókè wọn pẹ́ lọ́wọ́, pé kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yẹn, kò sì dìgbà tí dókítà bá dárúkọ ọ́tísíìmù. Ní Texas níbí, ECI (Early Childhood Intervention) ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti pé mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àdúgbò ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Dókítà ọmọdé yẹ kó ṣe ìbéèrè M-CHAT tàbí irú rẹ̀ ní oṣù 18 àti oṣù 24. Tí kò bá ṣe é, ẹ béèrè.

Bàbá Tàyé, Ìkòròdú

Ọkọ Ìyá Àkàndé, tí ẹ bá ń ka èyí: èmi náà dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bú ìyàwó mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àkàndé, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin ti kọjá, Àkàndé ti pé oṣù 23. A ti dé UCH. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bá èmi àti bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní ọ́tísíìmù ni. Mo rò pé màá dákú tí mo bá gbọ́ ọ, n kò dákú. Bàbá rẹ̀ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí. Ó pe ìyá rẹ̀ lójú mi, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Òun ló ń bá a yí taya lálẹ́ báyìí, ó ra mọ́tò kejì ní Dùgbẹ̀.

Kò tíì sọ̀rọ̀. "Omi" padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó tún lọ. Búrẹ́dì, ẹ̀kọ àti ìrẹsì funfun nìkan ló ń jẹ. Àmọ́ lánàá, iná lọ. Fáànù òkè tó máa ń dùbúlẹ̀ wò bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dúró. Ó wò ó títí ó fi dúró pátápátá, ó yí ojú sí mi, ó wo ojú mi, ó tún gbójú sókè wo fáànù. Mo ní, "Iná ti lọ." Ó tún wò mí.

Onítọ́jú Ọ̀rọ̀-Sísọ, Èkó

Ìyá Àkàndé! Ẹ kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ó bi yín ní ìbéèrè, ẹ sì dá a lóhùn.

Ọmọladé 16

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òní ni mo rí ibí yìí. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 16, kì í juwọ́, kì í wẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn ní ó ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àkàndé, Ìbàdàn

Àyẹ̀wò etí ni kó o kọ́kọ́ ṣe, lọ́sẹ̀ yìí. Dáhùn ìbéèrè 20 yẹn lálẹ́ òní, máa fi òótọ́ dáhùn, má fi ohun tó o fẹ́ kó rí dáhùn. Kí ni ó fẹ́ràn láti máa fi ṣeré? Kọ ọ́ síbí, mi ò tíì sùn.